Ẹni tó bá mọ ọ̀kẹ́, bílíọ̀nù ìjọba kò ní í rú u lójú

Bí rédíò bá kéde pé ìjọba fẹ́ ná bílíọ̀nù náírà kan sórí títì, ọ̀pọ̀ àgbà ní Ṣàgámù, Ìkẹ́nnẹ́ àti àwọn abúlé Rẹ́mọ a kàn mi orí ni. Wọ́n mọ̀ pé owó náà pọ̀, ṣùgbọ́n báwo ló ṣe pọ̀ tó? Ìdáhùn wà nínú ọ̀rọ̀ tó ti wà lẹ́nu wọn láti kékeré: ọ̀kẹ́.

Ọ̀kẹ́ ni àpò tí àwọn baba ńlá wa ń kó owó ẹyọ sí. Àlùfáà Samuel Johnson ṣàlàyé nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, pé ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn ló di ẹgbàá (2,000), ẹgbàá mẹ́wàá ló sì di ọ̀kẹ́ kan (20,000). Nígbà tí owó òyìnbó gbòde, ọ̀kẹ́ kan di ṣílè márùn-ún.

Iye yìí ní àrà tirẹ̀. Ọgbọ̀n ni iye nọ́ńbà tó lè pín in láìṣẹ́kù. Bí ènìyàn méjì, mẹ́rin, márùn-ún, mẹ́jọ, mẹ́wàá tàbí ogún bá fẹ́ pín ọ̀kẹ́ kan, kò sí ìjà. Àfi bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́ta: oníkálukú yóò gba 6,666, méjì yóò sì ṣẹ́kù nílẹ̀. Ìdí ni pé bí a bá tú ọ̀kẹ́ palẹ̀, èjì márùn-ún àti àrún mẹ́rin tí a sọ di púpọ̀ la óò bá níbẹ̀: 2×2×2×2×2×5×5×5×5. Kò sí ẹ̀ta nínú rẹ̀.

Ọ̀kẹ́ yìí náà la fi ń ka ohun tó pọ̀ jù ú lọ. Mílíọ̀nù kan jẹ́ àádọ́ta ọ̀kẹ́. Ìkànìyàn 2006, tó fi yé wa pé àwa ọmọ Nàìjíríà lé ní mílíọ̀nù lọ́nà ogóje, túmọ̀ sí pé a lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbàárin (7,000) ọ̀kẹ́. Bílíọ̀nù kan sì jẹ́ ẹgbàá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ọ̀kẹ́. Ìyẹn ni pé bílíọ̀nù náírà kan tó láti fún 50,000 ìdílé ní ọ̀kẹ́ náírà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá mọ èyí lè wo títì tí wọ́n ṣe, kó sì bèèrè ibi tí owó wọlé sí.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ́ àwọn ọmọ? Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 2025, wọ́n fagi lé e. Ó ti wá di iṣẹ́ ilé báyìí.

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá, ẹ bi ọmọ-ọmọ yín lálẹ́ òní: ọ̀kẹ́ mélòó ló wà nínú mílíọ̀nù kan? Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ má bínú sí i. Ẹ da ẹ̀wà sórí ẹní, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ogójì.