Ta Ni A Kò Tíì Rí?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, 27 oṣù kìíní ọdún 2002, bọ́ǹbù bẹ̀rẹ̀ sí í bú gbàmù ní bárékè àwọn ológun ní Ìkẹjà. Àwọn ènìyàn sá àsálà. Ọ̀pọ̀ kó sínú kánáàlì Òkè-Àfà, lójú ọ̀nà Ìkòtún wa yìí. Ewéko ti bo omi náà. Ẹ̀mí tó ṣòfò lé ní 1,000. Ọ̀pọ̀ ọmọ sì sọnù mọ́ òbí lọ́wọ́.

Ará, bí àjálù bá dé, a máa ń kó gaàrí àti aṣọ jọ. Ó dára. Àwọn ọmọ-ẹ̀yìn ní Áńtíókù ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn ará Jùdíà, olúkúlùkù bí agbára rẹ̀ ti tó (Ìṣe 11:27-30). Ṣùgbọ́n ìyá tí kò rí ọmọ rẹ̀, ṣé gaàrí ni yóò kọ́kọ́ bèèrè?

Nítorí náà, ẹ̀yin ìdàpọ̀ inú ilé, ẹ kọ orúkọ gbogbo ìdílé sílẹ̀, títí kan aládùúgbò tí kì í ṣe ọmọ ìjọ. Ẹ fẹnu kò sí ibi tí a ó ti pàdé. Olùṣọ́-Àgùntàn Rere ń fi orúkọ pe àwọn tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwa náà mọ ẹni tí a ó wá.