Ilé Ni A Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọ̀rọ̀ ìwà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi òwe yìí sọ, ṣùgbọ́n lónìí a fẹ́ fi í wo àgbàlá, èyíinì ni ilẹ̀ tí ó yí ilé wa ká, tí àlejò ń kọ́kọ́ fojú kàn kí ó tó kan ilẹ̀kùn. Bí ènìyàn bá rìn láti Èkó dé Kàdúná, láti Ìbàdàn dé Enugu, yóò rí i pé irú àgbàlá méjì ni ó wọ́pọ̀ ní ilé àwọn tí ọwọ́ wọn tó ẹnu. Èkíní ni èyí tí a fi sìmẹ́ńtì bò láti ẹnu géètì dé ẹ̀yìnkùlé, tí ooru rẹ̀ kì í jẹ́ kí á fẹsẹ̀ kàn án lọ́sàn-án, tí omi òjò rẹ̀ sì ń ya lọ bá aládùúgbò. Èkejì ni èyí tí a kó àga ike àti ère òkè òkun kún, bí ẹni pé kò sí oníṣẹ́ ọnà kankan mọ́ ní ilẹ̀ yìí.

Ta ni ó sọ fún wa pé ọgbà ẹlẹ́wà jẹ́ ohun tí òyìnbó mú wá? Lóòótọ́, ní ayé ìjọba amúnisìn, àdúgbò àwọn aláṣẹ òyìnbó ni a ti ń rí koríko tí a gé mọ́lẹ̀ àti òdòdó tí a tò lẹ́sẹẹsẹ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Ilé-Ifẹ̀ ní ẹ̀rí tirẹ̀. Àwọn awalẹ̀pìtàn ti hú àgbàlá àtijọ́ jáde níbẹ̀, èyí tí àwọn baba wa fi àpáàdì tẹ́. Wọ́n to àpáàdì náà ní ìdúró, wọ́n sì fi òkúta wẹ́wẹ́ dárà sí i láàárín. Ní ibòmíràn wọ́n ri ìkòkò mọ́ ilẹ̀ náà. Iṣẹ́ yìí ti lé ní 500 ọdún.

Ẹ tún wo Òṣogbo. Igbó mímọ́ ni igbó Ọ̀ṣun, kì í ṣe ọgbà ìgbafẹ́, síbẹ̀ ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún wa. Susanne Wenger, tí ó dé Nàìjíríà ní 1950, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú náà, bí Adébísí Àkànjí tí ó ti ṣe bíríkìlà rí, fi sìmẹ́ńtì mọ ère àti ògiri sábẹ́ igi láìsọ igbó di aṣálẹ̀. Ní 2005, àjọ UNESCO ka ibẹ̀ mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Sìmẹ́ńtì kan náà ni àwa fi ń pa ilẹ̀ wa.

Níbo wá ni kí onílé ti bẹ̀rẹ̀? Kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí òjìji. Àga tí ó wà nínú oòrùn, ẹnikẹ́ni kò ní jókòó sí i. Kí a gbin igi máńgòrò kan, kí a sì fi pèrègún tàbí akòko ṣe ọgbà yíká; ẹ̀ka tí a gé tí a rì mọ́lẹ̀ nígbà òjò yóò ta gbòǹgbò láìná wa ní kọ́bọ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ àga. Pàǹkẹ́rẹ́ tí àwọn olùkọ́ àtijọ́ fi ń kọ́ wa lọ́gbọ́n, òun náà ni a ń hun di àga tí ara ń rọ̀ sí. Ṣùgbọ́n òjò ni ọ̀tá rẹ̀. Nítorí náà abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni kí ó wà, pẹ̀lú iṣẹ́ ìko tí òkìkí Ikot Ekpene fi kàn. Èyí tí yóò sun ìta, kí a fi ìrókò tàbí apá kàn án, nítorí ìkán kì í tètè rí wọn gbé ṣe. Ẹni tí ó bá fi arère kan bẹ́ńṣì ìta, kí ó múra àtikan òmíràn láìpẹ́.

Ní ti ẹ̀ṣọ́, ìkòkò amọ̀ ni olórí. Àwọn ìyá amọ̀kòkò Dada ní Ìlọrin ṣì ń fi ọwọ́ mọ ọ́n. Ladi Kwali, tí ó wọ ilé ẹ̀kọ́ amọ̀kòkò ní Abuja àtijọ́, Suleja òní, ní 1954, ti kọ́ iṣẹ́ náà láàárín àwọn obìnrin ìlú rẹ̀ kí ó tó débẹ̀. Àwòrán rẹ̀ ni ó wà lẹ́yìn owó 20 náírà. Kí a lu ihò sí ìdí ìkòkò òdòdó, kí a fi àpáàdì dé ihò náà kí erùpẹ̀ má bàa bá omi lọ. Kí a sì máa da omi inú àwo abẹ́ rẹ̀ nù kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, nítorí ẹ̀fọn kò nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ láti kúrò ní ẹyin di ohun tí ń fò. Bákan náà ni táyà àlòkù tí a kùn ní ọ̀dà.

Kí ẹ̀ṣọ́ má sì pọ̀ jù. Ìkòkò ńlá kan ní ibi tí ọ̀nà ti yà sàn ju ogún kìnnìún sìmẹ́ńtì lórí òpó géètì lọ.

A gba òmìnira ní 1960. Ṣùgbọ́n bí ojú wa bá ṣì ń wá ẹwà lọ sí òkè òkun, tí ìyá amọ̀kòkò kò rí ẹni ra ọjà rẹ̀, ta ni ọmọ rẹ̀ yóò tìtorí rẹ̀ kọ́ iṣẹ́ náà? Bí ọwọ́ bá gbàgbé iṣẹ́, òfin kò lè rán an létí. Ẹ̀yin olùkọ́, ọwọ́ yín ni ọ̀rọ̀ yìí kù sí. Ẹ ya igun kan sọ́tọ̀ nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kó àpáàdì jọ, kí wọ́n tò ó ní ìdúró bí ti Ifẹ̀, kí wọ́n gbin pèrègún yí i ká, kí wọ́n sì gbé bẹ́ńṣì tí káfíńtà àdúgbò kàn síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá jókòó sórí rẹ̀, kí ẹ wá kọ́ wọn ní ìtàn ilẹ̀ wa.