Ẹ Jẹ́ Ká Mọ̀: Ewé àti Ìwé nínú Ìrántí Ẹ̀gbọ́n Ìyá

Ní Olódì-Àpápá, lábẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Ajéròmí-Ìfẹ́lódùn ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ilé fún mọ́ra, omi òjò sì máa ń dúró sílẹ̀, ìdí nìyí tí àgbàlagbà obìnrin tó fẹ́ràn ọ̀gbìn fi ń gbin ewúro àti efinrin sínú táyà àlòkù tàbí ike ọ̀dà. Bí irú ìyá bẹ́ẹ̀, yálà ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò òbí ẹni, bá papòdà, àwọn Mùsùlùmí a máa ṣe fídáù, ìyẹn àdúrà fún olóògbé, ní ọjọ́ kẹjọ, àwọn Kìrìsìtẹ́nì a sì tẹ ìwé ètò ìsìnkú tí ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n irú ìtàn bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jọra ju bó ṣe yẹ lọ.

Nítorí náà, ó dára kí ẹbí tún fi ewé àti ìwé tí olóògbé fi sílẹ̀ rántí rẹ̀. Ewúro rọrùn láti pín láàárín ẹbí, nítorí pé igi rẹ̀ tí a gé tí a sì rì mọ́lẹ̀ a máa hù. Ní ti efinrin, hóró rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fọ́n.

Láàárín ìwé olóògbé tó jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, Bíbélì Yorùbá, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, ni ó yẹ kí ẹbí kọ́kọ́ ṣí, nítorí pé ojú ewé òfìfo rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àgbà ń kọ ọjọ́ ìbí ọmọ sí, àkọsílẹ̀ tí ó lè má sí níbòmíràn. Bí ẹ̀dà àtijọ́ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí D. O. Fágúnwà gbé jáde ní 1938, bá sì wà níbẹ̀, kí wọ́n má fi í sílẹ̀ẹ́lẹ̀ (ikán Èkó kò mọ òǹkọ̀wé ńlá), bí kò ṣe sórí pákó tó jìnnà sí ògiri, níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá.