Orírun Iṣẹ́ Ọnà: Àpẹẹrẹ Làmídì Fákẹ́yẹ

Ṣé àbímọ́ni ni iṣẹ́ ọnà ni, tàbí ẹ̀kọ́ ni ó ń sọni di ọlọ́nà? Ìdáhùn olùkọ́ sí ìbéèrè yìí ni yóò pinnu irú ọmọ tí yóò fún láǹfààní láti kọ́ṣẹ́.

Làmídì Ọlọ́nàdé Fákẹ́yẹ, agbẹ́gilére ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún tí ó kú ní 2009, sọ ìtàn ara rẹ̀ nínú ìwé kan tí ó jáde ní 1996. Ìdílé agbẹ́gilére ni wọ́n bí i sí, baba rẹ̀ ni ó sì kọ́kọ́ kọ́ ọ níṣẹ́. Orúkọ rẹ̀, Ọlọ́nàdé, pàápàá ń kéde pé ọlọ́nà ti dé.

Síbẹ̀, àjogúnbá nìkan kò tó. Ó tún fi ọdún mẹ́ta kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé Aréògún ní Ọyẹ́-Èkìtì, níbi tí Fadá Kevin Carroll dá ilé iṣẹ́ ọnà sí. Ọmọ Òsì ni Bándélé, ní Ìpínlẹ̀ Kwara tí Òkè-Onígbìn wà. Gbajúmọ̀ agbẹ́gilére ni baba rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ baba náà ni ó kọ́ ọ.

Orírun kẹta ni ìfẹ́ ẹni tí ó bẹ̀ wọ́n níṣẹ́. Mùsùlùmí ni Fákẹ́yẹ, síbẹ̀ ó gbẹ́ ìlẹ̀kùn fún ṣọ́ọ̀ṣì.

Nítorí náà, kò yẹ kí olùkọ́ ní Òkè-Onígbìn ta ọmọ nù nítorí pé kò ti ilé ọlọ́nà wá. Bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí ó fi ọmọ ọlọ́nà sílẹ̀ láìkọ́. Ọmọ tí a bí sílé ọlọ́nà pàápàá, ọ̀gá ni yóò kọ́ ọ ní bí a ṣe ń di àáké mú.