Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Kí ni nọ́ọ̀sì ń wá lóde ọdún?

Nígbà ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù Kẹjọ, tàbí nígbà ọdún Ìwúde ní Iléṣà, ẹ lè bá àwọn òṣìṣẹ́ ìlera lábẹ́ kánópì, tí wọ́n ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ fún èrò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá.

Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dun èèyàn. Ẹni tó ní in lè jó láti àárọ̀ dalẹ́, kó má mọ̀ pé ohun tó lè fa rọpárọsẹ̀ ń bẹ lára òun. Ta ló sì máa ń pa ṣọ́ọ̀bù tì lọ sí ọsibítù nígbà tí nǹkan kan ò ṣe é? Àfi kí olùtọ́jú tọ èrò lọ.

Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti mọ ọ̀nà yìí tipẹ́. Ní 1956 ni David Morley, dókítà ọmọdé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dé Wesley Guild Hospital, Iléṣà. Ó gbé ìtọ́jú lọ bá àwọn ìyá ní Ìmẹ̀sí-Ilé, pẹ̀lú káàdì tí wọ́n fi ń tọ́pa ìwọ̀n ọmọ títí dé ọdún márùn-ún. Ọwọ́ ìyá ni káàdì náà ń wà, kì í ṣe ọ́fíìsì. Irú káàdì yẹn tàn ká ayé, ó sì yẹ kí gbogbo ọmọ Ìjẹ̀ṣà mọ̀ bẹ́ẹ̀!

Lóde ọdún, tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jó, ẹ jókòó sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n tó wọn ìfúnpá yín. Tó bá tó 140/90, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ lọ tún un wọ̀n ní ilé ìwòsàn, nítorí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ò tó fi pè é ní àrùn.