Awakọ̀ Katakata Inú Íntánẹ́ẹ̀tì: Ìdẹ̀rùn Owó-orí fún Ilé-iṣẹ́ tó Bá Gba Òṣìṣẹ́ Kíláòdù

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, ní agbègbè Òkè-Ògùn, ọ̀rọ̀ katakata ni yóò gba ẹnu àgbẹ̀ kan. Ìwọ̀nba àgbẹ̀ ló ní tiẹ̀. Àwọn yòókù a yá a, wọ́n a san owó iye éékà tó bá túlẹ̀ rẹ̀, katakata a sì bá tirẹ̀ lọ. Ta ni yóò ra ẹ̀rọ olówó iyebíye kí ó lè fi oṣù mẹ́sàn-án jókòó lábẹ́ igi máńgòrò?

Bí kíláòdù ṣe rí náà nìyẹn. Ìkùukùu ni orúkọ yẹn túmọ̀ sí lédè Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ kò sí ohunkóhun lójú sánmà. Kọ̀ǹpútà ni, ẹgbẹẹgbẹ̀rún, tí wọ́n tò sínú ilé ràgàjì kan tí iná kì í kú, tí àwọn ilé-iṣẹ́ sì ń yá lò ní wákàtí-wákàtí láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Amazon ṣí irú rẹ̀ sí Cape Town ní 2020, ó sì mú ẹ̀ka rẹ̀ kan wá sí Èkó ní 2023.

Katakata tó dára kò wúlò láìsí ẹni tó mọ̀ ọ́n wà, ẹni náà ni ìwé ìlàlóye yìí dá lé: òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó kíláòdù. Ẹ wo ọ̀kan péré nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ká ní àwọn oníṣòwò èlùbọ́ ń fi áàpù kan gba owó ọjà wọn. Lọ́jọ́ ọjà, kọ̀ǹpútà mẹ́fà ló ń gbé e. Tó bá di alẹ́, tí gbogbo ènìyàn ti sùn, mẹ́fà náà ṣì ń ṣiṣẹ́, owó sì ń lọ. Òṣìṣẹ́ yìí yóò kọ àṣẹ bíi mélòó kan sílẹ̀: ní aago mẹ́wàá alẹ́, kí mẹ́rin kú, ní aago márùn-ún ìdájí, kí wọ́n tún jí kí ìyá eléèlùbọ́ àkọ́kọ́ tó tẹ fóònù rẹ̀. Òun náà ló ń ṣe ẹ̀dà àkọsílẹ̀ pamọ́ síbòmíràn, òun ló sì ń mọ ẹni tó lè wọlé àti ẹni tí kò gbọdọ̀ wọlé.

Dọ́là ni wọ́n sábà fi ń gba owó kíláòdù. Kí ìjọba tó tú náírà sílẹ̀ ní Òkúdu 2023, dọ́là kan kò tó ₦500 ní báńkì. Kí 2024 tó jìnnà, ó ti ré kọjá ₦1,500. Ilé-iṣẹ́ tí kò fi kún ohun tó ń lò rárá wá ń san ìlọ́po mẹ́ta. Ní ọjọ́ 14 oṣù Ẹrẹ́nà 2024 ẹ̀wẹ̀, wáyà mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan, iṣẹ́ sì dẹnu kọlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ báńkì ní Nàìjíríà. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ń béèrè ẹni tó mọ ọ̀nà mìíràn tí wọ́n lè gbà.

Owó oṣù irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò kéré, nítorí ilé-iṣẹ́ tó wà ní London náà lè gbà á síṣẹ́ láìjẹ́ pé ó kúrò nílé bàbá rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ owó-orí ti wọlé.

Òfin Owó-orí Nàìjíríà ti 2025, tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní ọjọ́ 26 Òkúdu ọdún náà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní ọdún 2026. Nínú rẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó bá gba òṣìṣẹ́ tuntun, tó sì jẹ́ kó wà lẹ́nu iṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán, lè yọ ìdajì owó oṣù ẹni náà kúrò nínú èrè rẹ̀, yàtọ̀ sí odindi owó oṣù tó ti ń yọ tẹ́lẹ̀. Ká ní ₦600,000 ni owó oṣù. ₦7,200,000 ni lọ́dún, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ ₦3,600,000. Ìdá 30 nínú 100 ni owó-orí ilé-iṣẹ́ ńlá. Nítorí náà, ₦1,080,000 ni ilé-iṣẹ́ náà kò ní san mọ́ lọ́dún tí ìdẹ̀rùn yìí bá kàn án.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó pa ni lẹ́rìn-ín. Òṣìṣẹ́ náà kò ní san kọ́bọ̀ lórí ₦800,000 àkọ́kọ́, yóò san ìdá 15 lórí ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e, àti ìdá 18 lórí ₦4,200,000 tó kù. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦1,086,000, kí wọ́n tó yọ ti owó ìfẹ̀yìntì àti ti owó ilé. Ohun tí ìjọba àpapọ̀ fi sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ iye kan náà ni ìpínlẹ̀ ń gbà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Ìpínlẹ̀ wo? Èyí tí òṣìṣẹ́ ń gbé ni. Bí ọ̀gá rẹ̀ tilẹ̀ wà ní Èkó, tí òun bá fi Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí ṣe ilé, àpò ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni owó náà ń lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìjọba yóò ka owó fún òun o. Ilé-iṣẹ́ tí kò jèrè kò ní ohun tí yóò yọ ọ́ kúrò nínú rẹ̀. Bákan náà, ilé-iṣẹ́ tí ọjà tó ń tà lọ́dún kò ju ₦100 mílíọ̀nù lọ, tí dúkìá rẹ̀ kò sì ju ₦250 mílíọ̀nù lọ, kì í san owó-orí ilé-iṣẹ́ rárá. Àwọn tó pọ̀ jù ní Òkè-Ògùn wà nínú àwọn wọ̀nyí. Tiwọn ti dẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dẹ̀ ẹ́.

Ẹni tó bá ń dá ilé-iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tuntun sílẹ̀ ní ọ̀nà tirẹ̀. Òfin Startup ti 2022 ní kí ó lọ gba ìwé ẹ̀rí lọ́dọ̀ NITDA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ilé-iṣẹ́ náà kò gbọdọ̀ tíì lé ní ọdún mẹ́wàá tó ti forúkọ sílẹ̀, ọmọ Nàìjíríà sì gbọdọ̀ ní ìpín tirẹ̀ nínú rẹ̀. Ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, láti Igbe 2023, owó kíláòdù fúnra rẹ̀ ti wà lára ohun tí wọ́n ń dín owó-orí kù fún bí ó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ìwádìí ni wọ́n lò ó fún. Ìyẹn ìbá dùn níbí náà.

Kò di dandan kí a wá òṣìṣẹ́ yìí lọ sí Èkó. Kíláòdù wà lára iṣẹ́ méjìlá tí ètò 3MTT ti ìjọba àpapọ̀ ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ láti 2023, àwọn ọmọ tó ń jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga gbogboǹṣe Òkè-Ògùn ní Ṣakí náà sì ń wáṣẹ́.

Kí ilé-iṣẹ́ fi ìwé ìgbàsíṣẹ́ pamọ́, àti ẹ̀rí owó oṣù tó gba báńkì kọjá, àti rìsíìtì owó-orí tó yọ lára rẹ̀. Kí ó kó gbogbo rẹ̀ lọ bá akáńtáǹtì kí ó tó ka owó ìdẹ̀rùn sínú ìṣirò. Kí ó sì kọ ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ náà wọlé sílẹ̀ dáadáa, torí láti ọjọ́ náà ni ọdún mẹ́ta ti bẹ̀rẹ̀.