Ilé Èrò Di Méjì ní Pápákọ̀ Òfurufú Èkó

Ẹ̀sùn mẹ́ta ni àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà wa ọkọ̀ òfurufú máa ń mú wá jù. Àkọ́kọ́: ẹnì kan gba pápákọ̀ Èkó tuntun láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ó fi sínú símúlétọ̀ X-Plane, ni ilé èrò bá di méjì, ọ̀kan gún ọ̀kan nínú. Èkejì: igi hù sáàárín ibi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí. Ẹ̀kẹta ló ń bí wọn nínú jù lọ: lánàá gbogbo rẹ̀ pé, lónìí rọ́nwéè nìkan ló kù lórí ilẹ̀ gbalasa, kò sí ilé, kò sí òpó iná, kò sí ọkọ̀ akẹ́rù kan ṣoṣo. Ẹni tó bá gbé ẹ̀sùn yìí lọ bá àwọn alátùn-únṣe kọ̀ǹpútà, èsì tó máa gbọ́ ni pé RAM rẹ̀ kò tó, tàbí pé kó sanwó kí wọ́n nu X-Plane kúrò, kí wọ́n sì tún un fi sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Irọ́ ni wọ́n ń pa. Orísun kan náà ni ẹ̀sùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wá, kọ́bọ̀ kò sì gbọdọ̀ jáde lápò ẹnikẹ́ni nítorí rẹ̀.

Ẹni tó bá mọ Ìkẹjà, níbi tí pápákọ̀ Èkó wà, mọ ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń tún pápákọ̀ náà ṣe. Ilé èrò ilẹ̀ òkèèrè tí wọ́n ṣí ní 1979 ṣì wà níbẹ̀, MM2 ti àwọn tó ń rìnrìn-àjò lábẹ́lé dé ní 2007, wọ́n sì tún ṣí ilé èrò tuntun mìíràn ní oṣù kẹta ọdún 2022. Símúlétọ̀ tí kò bá ní èyí tó kẹ́yìn yìí kò lè jọ Èkó lójú ẹni tó bá gba ibẹ̀ kọjá láìpẹ́. WorldEditor, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní WED, ni wọ́n fi ń to ilé, tí wọ́n fi ń ya ọ̀nà, tí wọ́n fi ń kun ìlà sílẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni Laminar Research, ilé iṣẹ́ tó ṣe X-Plane, ń fi í sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Lílò rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ le. Ìgbà tí iṣẹ́ bá parí tán ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí àwọn bá ti ju Èkó tuntun sínú fódà Custom Scenery, ti àtijọ́ á kó ẹrù rẹ̀ lọ. X-Plane kì í lé ohunkóhun lọ. Gbogbo fódà tó bá rí ló máa ń kà, láti òkè wá sísàlẹ̀, bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ léra nínú fáìlì kékeré kan tó ń jẹ́ scenery_packs.ini. Èyí tó wà lókè ló láṣẹ lórí tìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n lórí ohun tó bá mẹ́nu bà nìkan ni àṣẹ náà dé.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, nítorí inú oríṣi fáìlì méjì ni pápákọ̀ kan ń gbé, ìwà wọn kò sì jọra rárá. Èyí tó ń jẹ́ apt.dat ló ń gbé rọ́nwéè, ọ̀nà tí ọkọ̀ ń rìn gbà lọ síbi ìgúnlẹ̀, ìlà tí wọ́n kùn sílẹ̀ àti iná ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Orúkọ onílẹ́tà mẹ́rin ni X-Plane fi ń dá pápákọ̀ mọ̀ níbẹ̀: DNMM ni Èkó, DNIB ni Ìbàdàn, DBBB ni Kùtọnu. Bí fódà méjì bá gbé DNMM wá, tòkè ni X-Plane á lò, á pa tìsàlẹ̀ tì. Ìdí nìyẹn tí rọ́nwéè kì í fi í di méjì. Fáìlì kejì ni DSF, òun ló ń gbé ilé, igi, ọgbà, òpó iná àti ọkọ̀ akẹ́rù. Ọ̀pọ̀ DSF kò mọ ohun tó ń jẹ́ DNMM. Ojú ibi tí nǹkan dúró sí lórí ilẹ̀ ayé nìkan ni wọ́n mọ̀. Bí fódà òkè bá ní ilé èrò kan níbì kan, tí tìsàlẹ̀ náà sì ní tirẹ̀ níbẹ̀, X-Plane lè kọ́ méjèèjì, bí kò bá sẹ́ni tó sọ fún un pé ilé kan náà ni.

Ẹni tó ṣe pápákọ̀ ló yẹ kó sọ ọ́. Irinṣẹ́ kan wà nínú WED tí wọ́n ń pè ní Exclusion Zone. Àpótí onígun mẹ́rin ni ènìyàn á fi yí ibi tí òun ń tún ṣe ká, á sì sàmì sí ohun tí kò fẹ́ rí níbẹ̀ mọ́: ilé, igbó, títì, ìlà. Ohunkóhun nínú wọn tó bá wá láti fódà tó wà nísàlẹ̀ tirẹ̀, X-Plane á fò ó, títí kan igi inú ẹ̀sùn kejì. Fódà tó wà nísàlẹ̀ nìkan ni o. Bí fódà Èkó tuntun bá wà nísàlẹ̀ ìlà Global Airports, àpótí rẹ̀ kò lè ta ilé àtijọ́ kan nù. Ìlà Global Airports yìí ló ń gbé àwọn pápákọ̀ tó bá X-Plane wá, nítorí náà òkè rẹ̀ ni gbogbo pápákọ̀ àdáni gbọ́dọ̀ wà.

Àwọn tó ń ṣe pápákọ̀ náà kò mọ́ nínú ẹ̀bi yìí. Àpótí tí ọ̀pọ̀ wọn ń lò kò ṣeé dá gẹ̀rẹ̀. Ó máa ń tẹ̀ lé àríwá àti gúúsù ṣáá ni. Ní Èkó, kò sí ìṣòro, nítorí rọ́nwéè méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ nà tààrà láti àríwá sí gúúsù. Ìbàdàn ní tirẹ̀ dá gẹ̀rẹ̀ sí àríwá ìlà-oòrùn. Ẹni tó bá fi àpótí ńlá kan ṣoṣo bò ó, á pa ilé àwọn ará àdúgbò rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ilẹ̀ á ṣófo bí ẹni pé kò sẹ́ni tó gbé ibẹ̀ rí. Àpótí kéékèèké ló yẹ kó tò tẹ̀ léra bí àtẹ̀gùn. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, síbẹ̀ àwọn tó fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ mọ ilé èrò kì í fẹ́ ṣe é, àwọn tó bá gba iṣẹ́ wọn lò ló ń jìyà rẹ̀.

Ó ku ẹ̀sùn kẹta, ti ilé tó pòórá. X-Plane gé ilẹ̀ ayé sí ẹyọ ẹyọ, ìwọ̀n ẹyọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ dìgírì kan ní gígùn àti dìgírì kan ní ìbú, nǹkan bíi kìlómítà 111 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan ní agbègbè wa. +06+003 ni ẹyọ tí Ìkẹjà wà, Lẹ́kkí àti Ìjẹ̀bú-Òde náà wà nínú rẹ̀. Àgbádárìgì ti bọ́ sínú +06+002 pẹ̀lú Kùtọnu, Ìbàdàn sì wà nínú +07+003. Lábẹ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni ilẹ̀ fúnra rẹ̀ wà, òkè àti àfonífojì rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní mesh. Bí X-Plane bá ti ń ka DSF bọ̀ láti òkè, tó wá kan mesh, ó parí kíkà ẹyọ yẹn nìyẹn. Bí onílé bá ti wọlé tán ni ẹ̀ṣọ́ á ti géètì. Ẹni tó bá ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn, ìta ló máa sùn. DSF yòówù tó bá wà nísàlẹ̀ mesh, X-Plane kò ní ṣí i wò. Àmọ́ apt.dat kò sí lára ìtò yẹn, ló fi jẹ́ pé rọ́nwéè àti iná rẹ̀ ṣì ń hàn nígbà tí gbogbo ilé ti lọ.

Báwo ni mesh ṣe dé òkè? Ẹni tó ni kọ̀ǹpútà ló gbé e débẹ̀ láìmọ̀. Fódà tuntun tí X-Plane bá rí, orí àkọsílẹ̀ ló ń kọ ọ́ sí. Ẹnì kan fi pápákọ̀ Èkó sí i lánàá, lónìí ó fi Ortho4XP ṣe ilẹ̀ aláwòrán sátẹ́láìtì fún +06+003, mesh tuntun yẹn bá gorí pápákọ̀. Nítorí èyí ni orúkọ fódà Ortho4XP fi ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú z, kó lè wà nísàlẹ̀ nígbà tí X-Plane bá to àkọsílẹ̀ tuntun ní ìtẹ̀léra ábídí. Àmọ́ z yìí kò lè ran ènìyàn lọ́wọ́ nínú àkọsílẹ̀ tó ti wà tẹ́lẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ kò ju pé kí ènìyàn ti X-Plane pa, kó ṣí scenery_packs.ini, kó gé ìlà mesh, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ pátápátá.

Ìkìlọ̀ ló kù báyìí, nítorí jìbìtì ti wọ ọ̀rọ̀ pápákọ̀ yìí. Àwọn kan ń ta fíláàṣì tó kún fún pápákọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà, bẹ́ẹ̀ ọ̀fẹ́ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ wà lórí X-Plane Scenery Gateway, ibi tí àwọn ènìyàn ń fi pápákọ̀ tí wọ́n ṣe ránṣẹ́ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí tó burú jù ni pé wọ́n ń fi scenery_packs.ini tiwọn rọ́pò ti oníbàárà, tí ìtò tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe sì ṣòfò. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbà kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan fáìlì yẹn láìkọ́kọ́ dà á kọ síbòmíràn. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe tún nǹkan ṣe nínú fódà Global Airports fúnra rẹ̀; ọjọ́ tí X-Plane bá gba àtúnṣe tuntun, iṣẹ́ náà á pòórá. Bí X-Plane bá ké pé fódà kan ní ìṣòro, Log.txt tó wà nínú fódà X-Plane fúnra rẹ̀ á dárúkọ fáìlì tó sọnù gan-an, kí alátùn-únṣe kankan tó dárúkọ owó.

Ẹni tó bá sì fẹ́ kí Èkó tóun ṣe dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn, Gateway náà ni kó fi í ránṣẹ́ sí. Wọn kì í gba ilé tí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ mọ nínú ètò kọ̀ǹpútà bíi Blender níbẹ̀, bó ti wù kó jọ ilé èrò 2022 tó. Kìkì ilé tó bá X-Plane wá ni wọ́n ń gbà.